“Mo Ṣebí”: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìrìn-àjò Ọlidé Tí Kò Gúnlẹ̀

Bíbélì kíkà: Lúùkù 2:41–52, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:1–10, 2 Tímótì 4:20.

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Kí a lè mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí àìsàn tàbí ìdíwọ́ bá dé bá ìdílé lójú ọ̀nà, àti kí àwa tí a jẹ́ àgbà nínú ilé lè kọ́ láti máa béèrè, kí a sì máa gbọ́.

ÌFÁÁRÀ

Nígbàkigbà tí ọlidé àwọn ọmọ iléèwé bá ti ń súnmọ́ tòsí, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa múra láti kó ọmọ àti ọmọ-ọmọ lọ kí ẹbí, tàbí láti lọ wo ibi tí ojú kò rí rí. Ohun tó dára ni. Jésù Olúwa wa fúnra rẹ̀ mú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ibi tó dákẹ́ kí wọ́n lè sinmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìrìn-àjò ìsinmi ló máa ń mú ìsinmi wá. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ni mo jẹ̀bi nínú rẹ̀. N kò bá ti fi í pamọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ni ni mí, mo sì mọ̀ pé àṣìṣe tí a bá kọ sójú pátákó ni gbogbo kíláàsì ń rí kọ́.

1. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni a jọ ń gbé ní Ṣàngótẹ̀dó níbí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, a pinnu láti lo ọjọ́ márùn-ún ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, kí a sì lọ wo omi Ìkògòsì. Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tó jẹ́ Ìkògòsì? Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń dúró níwájú kíláàsì, tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé ibì kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun láti inú ilẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń ṣàn lọ pàdé ara wọn. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yà á sójú pátákó. Ṣùgbọ́n n kò fi ojú ara mi rí i rí. Ọmọ mi wá ní, “Mọ́mì, lọ́dún yìí, ẹ óò ti ẹsẹ̀ yín bọ̀ ọ́.” Inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n fi mí jẹ oyè.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọ̀la rẹ̀ a ó gbéra, àbíkẹ́yìn wọn, ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ oṣù mọ́kànlá, yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ara rẹ̀ sì gbóná díẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi wá bá mí nínú yàrá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò lè sún ìrìn-àjò yìí sí ọjọ́ méjì sí i, ká lè mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yìí?”

Mo dá a lóhùn pé, “Eyín ló ń hù. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, gbogbo wọn ló ya gbuuru nígbà tí eyín wọn ń hù. A ti sanwó yàrá sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ẹ lọ sùn, ká lè tètè jí.”

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

A gbéra ní aago márùn-ún ìdájí. A gba Ẹpẹ, a dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ náà ti bì lẹ́ẹ̀mejì kí a tó débẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní mímì ọkọ̀ ló fà á. A kọrí sí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. A kò tíì rìn jìnnà tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti iwájú ọkọ̀. Rédíétọ̀ ń jò. Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó da omi tó wà nínú ọkọ̀ sí i. Omi mímu wa ni. Gbogbo rẹ̀ ló gba ibi tó ti ń jò jáde sórí ọ̀dà, ọkọ̀ kò sì gbéra.

Oòrùn mú. Ọmọ ń yàgbẹ́, ó ń bì. Mo ní, “Ẹ fún mi ní àpò oògùn.” Ìyàwó ọmọ mi ní, “Mọ́mì, mo ṣebí ọwọ́ yín ló wà. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ óò mójú tó oògùn.” Òótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tó ń di ẹrù àwọn ọmọ, mo ṣebí ó ti di oògùn mọ́ ọn. Mo bi ọmọ mi bóyá mẹkáníìkì yẹ rédíétọ̀ náà wò. Ó ní, “Mo gbé ọkọ̀ fún un láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Mo ṣebí yóò wo gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni.” Àpò oògùn wà lórí tábìlì ìjẹun ní Ṣàngótẹ̀dó. Àwa wà lójú ọ̀nà, láìsí oògùn, láìsí omi.

Nígbà tó yá, ọmọ náà dákẹ́ ẹkún. Mo ní, “Ẹ ṣeun Olúwa, ó fẹ́ sùn.” Ìyá rẹ̀ ní, “Mọ́mì, kò sùn. Ẹ wo ojú ẹ̀.” Nígbà náà ni mo tó wò ó dáadáa. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ètè rẹ̀ gbẹ. Mo fi ọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ó ti wọ inú bí àwo kékeré. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà. Èmi náà ni mo jẹ́ kí orí ọmọ wọ́.

Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀. Awakọ̀ akérò kan tó ń bọ̀ wá sí apá Ìjẹ̀bú-Òde rí wa, ó sì dúró. Ó ní kí obìnrin méjì tó wà níwájú sún sẹ́yìn, ó gbé èmi, ìyàwó ọmọ mi àti ọmọ náà, ó sì gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kò gba kọ́bọ̀. Ọmọ mi dúró ti ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ méjì tó kù títí wọ́n fi rí ẹni tó wọ́ ọkọ̀ náà. Kò sí ẹ̀rọ̀ fóònù dáadáa níbẹ̀, fún wákàtí mẹ́ta n kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ ohun tí ọkàn ìyá lè máa rò.

Nọ́ọ̀sì tó gba ọmọ náà kò lè tètè rí iṣan tí yóò gún omi sí. Ó bi wá, ohùn rẹ̀ le díẹ̀: “Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀? Kí ló dé tí ẹ fi gbé ọmọ báyìí rìnrìn àjò?”

Mo tẹrí ba. Mo mọ̀ pé bí ìyàwó ọmọ mi bá sọ òótọ́ níbẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kàn ní, “Láti alẹ́ àná ni, mà. Ẹ má bínú sí wa.” Ó fi ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó bò mí láṣìírí.

Oru mẹ́ta ni a lò nílé ìwòsàn náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ibà wà lára ọmọ náà pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru. Ní òru àkọ́kọ́ ni mo pe ìyàwó ọmọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí mo sọ fún un pé, “Ìyàwó mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Ìwọ lo rí òótọ́, èmi ni mo pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bẹ̀ mí mọ́.” Àwa méjèèjì jọ sunkún. Kò sí ẹni tó rí Ìkògòsì nínú wa lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yè. Ògo ni fún Olúwa.

2. ÀWỌN ÒBÍ JÉSÙ NÁÀ ṢEBÍ

Ẹ jẹ́ ká ṣí Bíbélì wa sí Lúùkù orí kejì, láti ẹsẹ 41. Ìrìn-àjò ìdílé ni. Jósẹ́fù àti Màríà kúrò ní Násárẹ́tì lọ sí Jerúsálẹ́mù fún Àjọ Ìrékọjá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ìrìn ọjọ́ mélòó kan ni fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn ará àti ojúlùmọ̀ jọ ń lọ nínú ẹgbẹ́ ńlá kan, nítorí ewu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá kò sí pẹ̀lú wọn. Wọ́n rin odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó mọ̀.

Báwo ni irú èyí ṣe ṣẹlẹ̀ sí òbí rere bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ẹsẹ 44. Wọ́n ṣebí ó wà láàárín ẹgbẹ́ ni. Ó ṣeé ṣe kí Jósẹ́fù rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí Màríà rò pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Wọn kì í ṣe òbí burúkú. Wọn kò kórìíra ọmọ wọn. Wọ́n kàn ṣebí ni. Bí “mo ṣebí” bá lè sọ Jésù nù lọ́wọ́ Màríà, ta ni nínú wa tí kò lè mú?

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a kíyè sí nínú ìtàn yìí.

Ìkíní, wọ́n yí padà. Wọn kò sọ pé, “A ti rin odidi ọjọ́ kan, ẹ jẹ́ ká kúkú délé ná.” Wọn kò ka ẹsẹ̀ tí wọ́n ti rìn sí ohun tó ju ọmọ lọ. Èmi ka owó yàrá. Ẹ̀yin ìyá mi, owó tí a ti san ti lọ, yálà a dé ibẹ̀ tàbí a kò dé ibẹ̀. Kò yẹ kí a fi ẹ̀mí tó wà lọ́wọ́ wa sin ín.

Ìkejì, wọ́n jọ wá a ni. Nígbà tí Màríà rí i, ó sọ fún un pé òun àti bàbá rẹ̀ ni àwọn jọ ń wá a pẹ̀lú ìbànújẹ́. Kò ti ẹ̀bi sórí Jósẹ́fù níwájú àwọn olùkọ́ tẹ́ńpìlì. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kì í ṣe àkókò láti wí pé “mo sọ fún ọ tẹ́lẹ̀”. Ẹ jọ tọ́jú ọmọ ná. Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ sọ ọ́ nílé.

Ìkẹta, Màríà pa gbogbo rẹ̀ mọ́ sínú ọkàn rẹ̀. Ó rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Ìrìn-àjò tó bàjẹ́ kò ṣòfò bí a bá rí ẹ̀kọ́ mú bọ̀ láti ibẹ̀.

3. ÀÌSÀN LÓJÚ Ọ̀NÀ KÌ Í ṢE ÀÌNÍGBÀGBỌ́

Àwọn kan yóò sọ pé, “Ṣé ẹ kò gbàdúrà kí ẹ tó gbéra ni?” A gbàdúrà. Pọ́ọ̀lù náà gbàdúrà, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ fọ́, òun àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ tí iye wọn jẹ́ 276. Gbogbo wọn yè, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí erékùṣù Mélítà. Níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù bá bàbá Púbílíù lórí àìsàn, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó gbàdúrà, ó gbé ọwọ́ lé e, ara rẹ̀ sì dá. Ẹ wo bí àìsàn ìgbà náà ṣe jọ èyí tó ń bá àwọn ọmọ wa fínra títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ka 2 Tímótì 4:20. Pọ́ọ̀lù kan náà yìí kọ ọ́ pé Tírófímù ń ṣàìsàn, òun sì fi í sílẹ̀ ní Mílétù. Kò bú u. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Kò sì fi ipá mú un bá òun lọ. Ẹni tí Ọlọ́run lò láti wo aláìsàn sàn ní Mélítà ló jẹ́ kí ẹlòmíràn dúró ní Mílétù kí ó tọ́jú ara rẹ̀. Ìgbàgbọ́ ni láti gbàdúrà. Láti dúró nígbà tí ara kò lè lọ kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Nínú ìtàn Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa pàápàá, àìsàn àti ìjì kò jìnnà sí ọ̀nà. Ọkọ̀ tí John Wesley wọ̀ lọ sí Jọ́jíà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1735 sí 1736 kó sínú ìjì líle. Ẹ̀rù ikú ba Wesley, ṣùgbọ́n àwọn Kristẹni Moravia, ará Jámánì tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, ń kọrin ìyìn lọ láìbẹ̀rù, àti obìnrin àti ọmọdé wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Wesley yìí kan náà, tí a mọ̀ sí ẹni àdúrà, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1747, Primitive Physick, nípa ìtọ́jú àìsàn nínú ilé, nítorí àwọn tálákà tí wọn kò lówó dókítà. Ìmọ̀ ìṣègùn ti kọjá ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn tó fi kọ ọ́ ni kí a mú lò: àdúrà àti ìtọ́jú jọ ń rìn ni.

Ẹ tún rántí Thomas Birch Freeman, tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, tó sì dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Cape Coast ní ilẹ̀ Gánà ní ọdún 1838, ibà dá a wó, ìyàwó rẹ̀ sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n débẹ̀. Nígbà náà, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà káàkiri. Àwa mọ̀ lónìí. Ohun tí Ọlọ́run ti jẹ́ kí á mọ̀, tí a kò sì lò, yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

4. OHUN TÓ YẸ KÍ ÌYÁ MỌ̀

Ọ̀rọ̀ eyín ni n ó kọ́kọ́ mú. Àwọn dókítà ti là á yé wa pé eyín híhù kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìdí tí àwọn méjèèjì fi máa ń bọ́ sí àkókò kan náà ni pé, ìgbà tí eyín ń hù ni ọmọ ń rá, tó ń mú gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu. Ìdọ̀tí ló ń fa ìgbẹ́ náà. Ẹ má sì sáré ra òògùn eyín káàkiri. Láàárín ìparí ọdún 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, òògùn eyín olómi kan tí wọ́n ṣe ní Èkó níbí, tí èròjà olóró diethylene glycol wọ inú rẹ̀, pa ọmọ tó lé ní ọgọ́rin ní orílẹ̀-èdè wa. Ìyá wọn ṣebí oògùn ni àwọn ń fún wọn.

Ohun tó ń pa ọmọ nínú ìgbẹ́ gbuuru ni omi àti iyọ̀ tó ń tán lára. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú àkọ́kọ́ fi jẹ́ láti dá omi padà sára. Ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, dókítà ará Íńdíà kan, Dilip Mahalanabis, wà ní àgọ́ àwọn tó sá fún ogun. Àrùn kọ́lẹ́rà ń pa wọ́n, omi tí wọ́n ń gún sí iṣan sì ń tán lọ. Ó po iyọ̀ àti ṣúgà gúlúkóòsì mọ́ omi, ó ní kí ẹbí aláìsàn máa bu ú fún wọn mu. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kú. Nínú àwọn tó mu omi yìí, àwọn tó kú kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ìyá ló di ife mú. Ẹ rí i pé ohun tó wà ní ilé ìdáná wa lè gba ẹ̀mí là.

Bí a ṣe ń po ó nìyí, bí kò bá sí ORS alápò lárọ̀ọ́wọ́tó:

(a) Omi mímọ́ lítà kan, tí a ti sè tí ó sì ti tutù.
(b) Ṣúgà, ṣíbí tíì mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba.
(d) Iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba. Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

Ẹ máa fi ṣíbí bu ú fún ọmọ díẹ̀díẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ìgbàkigbà tó bá yàgbẹ́. Bí ó bá bì í, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún máa fún un, ṣùgbọ́n kí ó rọra. Ẹ da èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọjọ́ kan nù. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ẹ má sì febi pa á. ORS alápò ló dára jù. Ẹ ka ara àpò náà kí ẹ lè mọ ìwọ̀n omi tí ẹ óò fi pò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tún máa ń fún ọmọ ní oògùn síńkì fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ẹ béèrè fún un.

Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kíákíá bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí: ojú rẹ̀ jìn wọnú, ó ń sunkún láìsí omijé, ẹnu rẹ̀ gbẹ, àwùjẹ̀ rẹ̀ wọ inú, kò tọ̀ fún wákàtí púpọ̀, ẹ fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, kò sì tètè padà sípò, kò lè mu nǹkan, ó ń bi gbogbo ohun tó bá mu, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, gìrì mú un, tàbí ó kàn rọ, kò dáhùn. Ọmọ tó ń ṣàìsàn tó sì ṣàdédé dákẹ́, ẹ má tètè sọ pé ó sùn.

Ní ti ibà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó lo oògùn. Ẹ má padà sídìí kulorokúìn àtijọ́. Láti ọdún 2005 ni ìjọba orílẹ̀-èdè wa ti fi oògùn ACT rọ́pò rẹ̀, nítorí kò ran ibà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

5. KÍ A TÓ TI ÌLẸ̀KÙN ILÉ

Láti ìgbà náà, mo ti ní ìwé kékeré kan tí a máa ń kà sókè kí a tó gbéra. Ẹnì kan ni yóò ka nǹkan, ẹlòmíràn yóò fi ọwọ́ kàn án.

Oògùn: ta ló mú un? Kí ó gbé e sókè kí a rí i. ORS, tẹmómítà àti oògùn ibà gbígbóná tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ fún ọjọ́ orí ọmọ, kí ó wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, kí oògùn rẹ̀ tó lò kọjá ọjọ́ tí a fẹ́ padà.

Omi: ti ènìyàn lọ́tọ̀, ti ọkọ̀ lọ́tọ̀.

Ọkọ̀: kí a sọ fún mẹkáníìkì pé ọ̀nà jíjìn là ń lọ, kí a sì béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: táyà, bíréèkì, rédíétọ̀, bẹ́líìtì, táyà àfidípò.

Nọ́ńbà ìpè: 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 112 ni ti pàjáwìrì, 767 náà wà fún wa ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kì í ṣe sínú fóònù nìkan, nítorí bátìrì lè kú.

Ara: ta ni ara rẹ̀ kò yá nínú wa? Kí a bi olúkúlùkù, títí kan ọmọdé. Bí ìdáhùn bá fi hàn pé kò yẹ kí a lọ, kí a tú ẹrù.

6. Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWA ÌYÁ ỌKỌ

Èyí ló kù lọ́kàn mi jù. Ọkọ̀ lè bàjẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Àìsàn lè ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ilé wa tó rí òótọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀. N kò gbà á, nítorí pé èmi ni ìyá ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, kò lè lanu, nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ọ̀wọ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ̀ tí àwọn ọmọ ń bù fún wa bá dí wọn lẹ́nu láti gba ọmọ tiwọn là, àwa ló yẹ kí a ṣí ẹnu náà fún wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nísinsìnyí, bí ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ bá délẹ̀ nínú ilé wa, mo máa ń kọ́kọ́ bi ìyàwó ọmọ mi pé, “Kí lo rí?” Lẹ́yìn náà ni mo tó sọ ohun tí mo mọ̀. Ó sì máa ń gbọ́ tèmi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa náà ti wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń bi mí pé, “Màmá àgbà, ìgbà wo la máa lọ síbi omi gbígbóná yẹn?” N kò tíì dé Ìkògòsì títí di òní. Bí Olúwa bá fẹ́, a ó débẹ̀. Bí a kò bá sì débẹ̀, ohun tí ojú mi ń rí nínú ilé lárààárọ̀ tó fún mi láti dúpẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú Lúùkù 2:44, kí ni àwọn òbí Jésù ṣebí? Sọ ohun kan tí ìwọ náà ti ṣebí nínú ilé rẹ, tó sì fẹ́ di wàhálà.
2. Kí ni a rí kọ́ láti inú bí Pọ́ọ̀lù ṣe ṣe sí bàbá Púbílíù àti bó ṣe ṣe sí Tírófímù?
3. Kí arábìnrin kan dìde kí ó sọ bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà láìwo ìwé. Kí àwọn tó kù tún un ṣe bí ó bá ṣì í.
4. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ìgbà wo ni ẹ bi ìyàwó ọmọ yín ní ìmọ̀ràn gbẹ̀yìn? Ẹ̀yin ìyàwó, báwo ni a ṣe lè sọ òótọ́ fún àgbà láìsí àrífín?

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tí o mọ àlọ àti àbọ̀ wa, dárí jì wá níbi tí a ti ṣebí dípò kí a béèrè. Fún wa ní ojú tó ń rí ọmọ tó ń ṣàìsàn, etí tó ń gbọ́ ohùn ẹni kékeré, àti ọkàn tó lè yí padà lójú ọ̀nà láìtijú. Bùkún awakọ̀ tó dúró tì wá àti gbogbo ẹni tó ń dúró ti àlejò ní ọjọ́ ìṣòro. Mú àwọn ẹbí wa jáde ní àlàáfíà, kí o sì mú wọn padà wálé ní àlàáfíà. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.